Èròjà Tuntun Dé: Kí Ni Ti Òṣìṣẹ́ Níbẹ̀?



Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka wa bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n fi ń ṣe ike tí à ń yọ́ yìí?" Gáàsì ni. Èròjà kan ní í so gáàsì náà pọ̀ di okùn gígùn. Katalísì ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní alárenà. Karl Ziegler rí irú rẹ̀ kan ní Mülheim, ní Jámánì, ní 1953. Giulio Natta ará Ítálì fi ṣe polypropylene ní 1954. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963.

Alárenà ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n yẹ̀bá: ó ń kù sínú ike, wọ́n sì ní láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n gbé e karí magnesium chloride, irú iyọ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ tó, fífọ̀ ò sì pọndandan mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ọ̀gá. Àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Lónìí, àwọn onímọ̀ tún ń dán ohun tó ń jẹ́ micelle wò. Ẹ wo ọṣẹ nínú omi: orí rẹ̀ fẹ́ omi, ìrù rẹ̀ kọ omi. Wọ́n á fúnra wọn ṣùjọ, ìrù nínú, orí lóde. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ike tí apá kan rẹ̀ fẹ́ epo, tí apá kejì kọ̀ ọ́, ṣe ń ṣù nínú epo. Inú ṣùṣù náà ni alárenà ń jókòó sí. Bí ibùjókòó bá ti rí ni hóró ike sábà máa ń rí. Bí hóró bá dára, eruku á dín kù, ike ò sì ní lẹ̀ mọ́ ìkòkò ẹ̀rọ tí ẹnì kan máa wọ̀ lọ ha.

Ṣùgbọ́n èròjà alumíníọ́mù tí wọ́n ń lò pẹ̀lú katalísì Ziegler máa ń gbiná bó bá kan afẹ́fẹ́. Micelle ò mú ìyẹn kúrò.

Nítorí náà, kí èròjà tuntun tó wọlé, kí wọ́n ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wa ní èdè tó yé wa; kí wọ́n kọ́ wa níṣẹ́ tuntun náà; kí wọ́n má fi dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú àdéhùn wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.