Ikùn Alhaja wú: ṣé jẹjẹrẹ ló padà ni, àbí ìtànṣán?

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Gàmbàrí ni mo wà, fèrèsé ò sì ṣeé tì nínú ooru yìí.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi, Alhaja ni gbogbo wa ń pè é, gba radiotherapy fún jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ. Ìtànṣán ni wọ́n ń rán sí ara láti fi pa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní ẹ̀rọ rẹ̀: ó wà ní UCH n'Íbàdàn, ó wà ní LUTH l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó tuntun lọ́dún 2019. Mi ò ní dárúkọ ibi tí àwa lọ. A parí rẹ̀, a padà sílé, a ṣe sàráà.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìró Alhaja ò ká a mọ́. Ikùn ń wú. Ojú rẹ̀ ò pọ́n, ibà ò mú un. Ẹnì kan ní àbí oyún ni, a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wa ń rò: jẹjẹrẹ ti padà. Alhaja fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ rẹ̀.

Scan ló là wá lójú. Scan tí wọ́n fi ń wo aláboyún yẹn náà ni. Ẹ gbọ́ o, kò sí ìtànṣán kankan nínú rẹ̀, ohùn ni. Ohùn tó ga kọjá ohun tí etí wa lè gbọ́ ni ẹ̀rọ ń rán wọ inú ara, gbohùngbohùn tó bá padà ló fi ń ya àwòrán. Ian Donald, dókítà kan ní Glasgow, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé e jáde fáyé rí lọ́dún 1958. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán ni wọ́n yá lò!

Omi wà nínú ikùn Alhaja, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n wọn ò rí kókó kankan. Apá kan ẹ̀dọ̀ náà dúdú ju ìyókù lọ, etí rẹ̀ sì tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Dókítà ní jẹjẹrẹ kì í sábà hù báyẹn, pé ọ̀nà tí ìtànṣán gbà kọjá ni. Ẹ̀dọ̀ sún mọ́ àpò oúnjẹ, kò sì lè fara da ìtànṣán púpọ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú rẹ̀ á dí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè jáde dáadáa, omi á wá máa jò sínú ikùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìtọ́jú ló sábà máa ń yọjú.

Wọ́n tún ṣe oríṣi scan kan tí wọ́n ń pè ní elastography. Ẹ̀rọ á mi ẹ̀dọ̀ díẹ̀, á wo bí mímì náà ṣe yára tó. Ẹ rántí gángan: bí onílù bá fún ọṣán rẹ̀, ohùn á lọ sókè. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni mímì náà ṣe ń yára tó.

Ti Alhaja le. Dókítà wá béèrè pé, "Báwo ló ṣe le tó kó tó gba ìtànṣán?" Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n! Alhaja sì ti ní hepatitis B tipẹ́, òun náà máa ń mú ẹ̀dọ̀ le. Èwo ni ti ìtànṣán níbẹ̀, èwo ni ti hepatitis? Ibẹ̀ ló ti bí mi nínú, torí scan ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ rán ìtànṣán sí òkè ikùn ẹni yín, ẹ bi dókítà pé: ṣé ẹ ti yẹ hepatitis B wò? Ṣé ẹ máa wọn ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀? Bí ikùn bá sì ń wú lẹ́yìn náà, tí scan àkọ́kọ́ ò rí nǹkan, ẹ padà lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ó lè má tíì hàn nígbà yẹn.

Omi ikùn Alhaja ti ń fà. Ó ti gba léèsì rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìyá mi. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ la tún ń lọ wọn ẹ̀dọ̀ náà, èmi ni mo máa gbé e lọ.