Ìwòsàn Éèdì àti Owó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àìsàn àti owó ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan dúró dè wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní òyìnbó ti rí oògùn tó ń wo éèdì sàn. Ọkùnrin kan ní òun á bá mi rà á. Bí mo bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ṣé owó rẹ̀ á tó?" Ìyá yìí ti ń lo oògùn ilé ìwòsàn láti ọjọ́ pípẹ́, ara rẹ̀ sì le. A ní kí ó má tíì ta nǹkan kan. Ohun tí a sọ fún un ni a ó sọ fún yín.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò HIV. Ẹni àkọ́kọ́ ni Timothy Ray Brown, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2007 àti 2008, àwọn dókítà ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, fi ohun tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ ẹni náà kò gba kòkòrò HIV láyè. HIV kò padà sára Brown mọ́ títí jẹjẹrẹ fi pa á ní 2020. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí léwu, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ bá ń bá jà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. A kì í tà á lọ́jà.

Àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fẹ́ tún inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan ní 2023, Casgevy ni orúkọ rẹ̀. Dọ́là 2,200,000 ni iye rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo!

Ó dára. Oògùn oníhóró tí à ń lò sí HIV ńkọ́? Ní 2000, ó lé ní dọ́là 10,000 fún ẹnì kan lọ́dún. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Cipla ní Íńdíà ní àwọn á tà á ní dọ́là 350. Ní 2023, ó ti wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ dọ́là 45 fún àwọn ilẹ̀ tí kò lówó.

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Dọ́là 45 lọ́nà 40 ọdún jẹ́ dọ́là 1,800. Owó Casgevy ẹnì kan á ra oògùn 40 ọdún fún ènìyàn tó lé ní 1,200. Bí a bá wo ẹnì kan sàn, ta ni yóò dá àwọn tó kù lóhùn?

Síbẹ̀, oògùn nìkan kọ́ ni ìnáwó. Àyẹ̀wò ń bẹ, owó ọkọ̀ ń bẹ, ọjọ́ tí a kò lọ sọ́jà ń bẹ. Ní oṣù kìíní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, ọkàn ọ̀pọ̀ aláìsàn sì dàrú. Ìdí nìyí tí ìwòsàn fi wúlò. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe tálákà láǹfààní, ó gbọ́dọ̀ pọ́ọ́kú. Nọ́ọ̀sì abúlé gbọ́dọ̀ lè fún ni. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí kòkòrò náà tún wọlé.

Kí ìyẹn tó dé, ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́, á pẹ́ láyé, kò sì ní í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Bí ó bá dá a dúró, kòkòrò tó sá pamọ́ á tún jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ìyá wa kò ta ẹ̀rọ rẹ̀. Aṣọ ọmọ iléèwé ló ń fi rán báyìí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ire o.