ARÁN KỌ́, ÀÌSÀN NI: KÍ ÌJỌBA NÁWÓ SÍ I
Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ìlọrin



Ìwé ẹgbẹ́ ni mo máa ń yẹ̀ wò, nítorí náà inú ìwé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan fẹ̀sùn kan akápò ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó jẹ owó òun. Mo ṣí ìwé: ìyá ti gba owó náà, ó sì ti tẹ̀ka. Akápò kò jalè, ìyá kò purọ́. Ó gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó hàn, wọ́n ti pe akápò lólè, wọ́n sì ti pe ìyá lájẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á yé wí pé ogbó lásán ni. Àìsàn ọpọlọ ni. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà láàrin wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó lé ní ọdún 65, iye tí àìsàn náà ń mú lọ́dún kò ju 14 lọ ní Ìbàdàn. Ó tó 32 ní Indianapolis. Bó bá jẹ́ ogbó nìkan ni, iye méjèèjì ìbá dọ́gba. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán. Ìtọ́jú ló kù. Ta ló ń ṣe é? Ọmọbìnrin tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ni. Òkété tó dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa ọmọ ńkọ́? Mo ń rí i nínú ìwé yín: àjẹṣẹ́kù rẹ̀ dúró, gbèsè rẹ̀ ń ga.

Òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán náírà 1 sọ́tọ̀ nínú 100 tó wọ àpò rẹ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Kí á bèèrè ìpín àwọn àgbà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì tó mọ àìsàn yìí ní ilé ìwòsàn àdúgbò, àti ìrànwọ́ owó fún olùtọ́jú.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹnu kò ní ìpàdé ọlọ́dọọdún, kí ó kọ̀wé sí àpapọ̀ ẹgbẹ́, kí á gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kwara kí ìṣúná tó jáde. Ní tiwa, bí ìyá àgbà bá fẹ́ gbowó, kí ará ilé rẹ̀ kan bá a wá ṣẹlẹ́rìí.