Ọkàn Tí Ó Rẹ̀ àti Èémí

Nínú èdè wa, bí a bá ní ọkàn ẹnìkan rẹ̀wẹ̀sì, ìbànújẹ́ ni a ń wí. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ pé ọkàn bàbá kò lágbára mọ́, ẹbí lè máa ṣìpẹ̀ fún un, kí wọ́n máa bi í léèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran ara tí ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ni dókítà ń tọ́ka sí.

Ọkàn bẹ́ẹ̀ a máa gbìyànjú nígbà tí a bá jókòó. Bí a bá gun àtẹ̀gùn ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ní kí aláìsàn rìn lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú 6, tàbí kí ó wa kẹ̀kẹ́ tí ó dúró lójú kan, kí wọ́n sì fi ìbòmú wọn èémí rẹ̀.

Láti tu líta 1 kábọ́n-dáyọ́ksáìdì jáde, èémí ẹni tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń tó nǹkan bí líta 25 sí 30. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ lè ju 35 lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn tó nínú ẹ̀dọ̀fóró láti pàdé afẹ́fẹ́. Bí èémí tí ó ṣòfò ti ń pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i.

Bí àgbàlagbà yín bá ń mí hẹlẹ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ogbó ni. Ẹ má sì dán an wò nílé. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ire o.