Ta Ló Fọwọ́ Sí Ìwé Ọmọ Yín?

Ọ̀rọ̀ ìwé èsì ìdánwò ni a mú wá lónìí, èyí tí ọmọ ń mú bọ̀ láti ilé-ìwé kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lè fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Bàbá mi kò mọ̀wé. Nígbà tí mo wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, bí mo bá gbé ìwé èsì fún un, ìlà méjì tó dábùú ara wọn ni ó máa ń fà sí i. Ní ọdún kejì, mo gba 6 nínú 20. Ẹ̀rù pàṣán bà mí. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo fa ìlà méjì náà fúnra mi. Olùkọ́ kò fura. Ta ni kò lè fa ìlà méjì?

Mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n ní kí n padà sí kíláàsì náà. Bàbá mi sì ti ta àgbàdo rẹ̀ san owó ilé-ìwé. Kò nà mí. Ó ní: «Ká ní o sọ fún mi ni, à bá ti wá ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́.» Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

Ẹ lè sọ pé: «Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ilé-ìwé, Yorùbá ni àwa ń kọ́.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ nọ́mbà, bákan náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ níbẹ̀. 20 ni gbogbo rẹ̀, 10 ni ìdajì. Bí ẹ bá rí iye tí kò tó 10, ọmọ yín ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe.

Èkíní, ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀ bí ẹ ti kọ́ ọ, ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo.

Èkejì, ẹ lọ kí olùkọ́. Ẹ fi ìfọwọ́sí yín hàn án. Ẹ bi í ní ìgbà tí ìwé èsì máa ń jáde.

Ẹ̀kẹta, bí èsì bá burú, ẹ má kọ́kọ́ mú pàṣán. Ẹ bi ọmọ ní ohun tí kò yé e. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ilé ni í fi ìwé pamọ́.

Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ń sọ pé òun ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ bá yín sọ ọ́.

Ó dìgbà o.