Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ

 

Ẹ fọwọ́ lé àyà. Ẹ mí sínú. Afẹ́fẹ́ gba imú wọlé, ó gba ọ̀nà ọ̀fun, ó dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tó dára, tó sì ń da èyí tó ti bàjẹ́ síta.

Kí ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́? Èéfín ààrò ń bà á jẹ́. Ẹ dá iná gàrí síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ikọ́ ife náà ń bà á jẹ́. Kòkòrò ló ń fà á, kì í ṣe àjẹ́. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló rí kòkòrò náà ní 1882.

Ẹni tó bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó má ṣe sọ pé, "Èéfín gàrí ni." Kó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ilẹ̀ Benin. Oṣù 6 ni a sábà máa ń lò ó. Bí ara bá yá ní oṣù kejì, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró: kòkòrò kò tíì kú tán.

Ẹni tó kà á, kó sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè kà á.