Àtẹ̀gùn ni ọ̀nà atẹ́gùn: ìdí tí òkè fi máa ń gbóná nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Èmi náà ni, láti Festac Town níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lónìí, ẹ má bínú. Mo ti pa fáànù, torí ariwo rẹ̀ máa ń wọ inú máìkì. Yàrá òkè ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, òógùn sì ti rin aṣọ mi. Ọ̀rọ̀ ooru yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ilé wa. Pálọ̀ àti kíṣìnì wà nísàlẹ̀, yàrá mẹ́ta wà lókè. Àtẹ̀gùn kan ló so wọ́n pọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn lórí rẹ̀, kò sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kọ́ Festac láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni ìdílé wá kó wọ inú ilé wọ̀nyẹn. A ti pààrọ̀ wíńdò, a ti fi irin dí ojú rẹ̀, a ti gé ilé pín, ṣùgbọ́n ta ló rántí béèrè ibi tí ooru máa gbà jáde?

Àǹtí mi kan wà ní Chicago. Ilé tirẹ̀ ní yàrá lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní nígbà òtútù, bí òun bá gbàgbé ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ tútù á gbabẹ̀ gòkè wá bá òun lẹ́sẹ̀. Àwa kò lè gbẹ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Festac, ilẹ̀ àbàtà la wà, omi kò jìn. Síbẹ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwa méjèèjì.

Ẹ wò ó: afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fẹ̀, á sì fúyẹ́. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní 20 dígíríì, ó wọ̀n tó kílò 1.2. Bí ó bá gbóná dé 35, ó dín sí bíi 1.15. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, àmọ́ ó tó láti gbé e gòkè. Bí ó bá sì rí ihò lókè tó gbà jáde, á fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé láti ìsàlẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Àǹtí mi nìyẹn.

Mo dán an wò ní Sátidé tó kọjá. Mo tan kọ́ìlì tí a fi ń lé ẹ̀fọn sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Èéfín rẹ̀ kò yà sí pálọ̀ rárá, òkè ló forí lé. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tẹmómítà kà 30 nísàlẹ̀, 33 lókè. Kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan ló fà á o. Páànù òrùlé ni oòrùn ti ń yan láti àárọ̀, àjà sì ń tú ooru náà lé wa lórí. Àmọ́ ooru kíṣìnì tún gòkè wá kún un, kò sì rọ́nà jáde.

Bí mo bá wá tan AC, tí mo fi ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀, òtútù á ṣàn gba àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀ bí omi. Màmá mi á máa wá ìborùn ní pálọ̀, èmi tí mò ń san owó iná á máa làágùn lókè!

Ẹ̀rín nìyẹn. Èyí tó kàn kì í ṣe ẹ̀rín.

Lásìkò òjò èṣí, wọ́n mú iná lọ lóru. Òjò ń rọ̀, ni ẹ̀gbọ́n mi bá gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì tí a ṣí díẹ̀ nítorí wáyà. Òkè ni gbogbo wa sùn sí. Nígbà tó ṣe, àbúrò mi wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì bì. Bí mo ṣe dìde, òòyì kọ́ mi. Màmá ló kígbe pé kí gbogbo wa jáde, kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Inú òjò la dúró sí títí ojú wa fi wálẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi pa mọ́. Èyí ṣeé fi pa mọ́ o. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń gba ààyè tó yẹ kí atẹ́gùn tí à ń mí sínú gbà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ju atẹ́gùn náà lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Àtẹ̀gùn wa lósì ń gbé e gòkè bá ẹni tó ń sùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta. Èkíní, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí nítòsí wíńdò. Òjò ìbáà rọ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sílé. Èkejì, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ ṣí wíńdò tó ga jù lókè àtẹ̀gùn, kí ẹ ṣí ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Ooru á jáde lókè, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé. Àwọn tó bá ti dé Yunifásítì Ìbàdàn á mọ àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀, tí ògiri wọn lu ihò kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá tan AC, ẹ ti ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn sójú àtẹ̀gùn.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yín, kí ẹ bi ara yín pé: kí ni mò ń rán lọ sókè? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ tan fáànù mi.